Bàbá Olóyin

Ìròyìn ìbejì tí a bí ní ilé akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ì bá ṣáájú, ṣùgbọ́n kí àwọn ìbejì forí jì wá, bàbá wa kan ni a sin ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá.

Bàbá Olóyin ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Àlejò a máa rò pé oyin ni wọ́n ń tà; obìnrin kan tilẹ̀ gbé ìgò wá rí. Ranchers Bees ni oyin tiwọn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kàdúná tí ó fi kòkòrò oyin ṣe orúkọ.

Ní 1988, ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ìdíje àwọn tí ó gba ife ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì kojú CA Bizertin ti Tùnísíà. Nílé, ọ̀mì ni, kò sí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé. Lọ́hùn-ún, góòlù 1 péré ni ó gba ife náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. A kò tíì dáyé nígbà náà, ṣùgbọ́n bí bàbá bá ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé àná ni. Wọ́n á to igi ìṣáná sórí tábìlì bí agbábọ́ọ̀lù, wọ́n á ní, "Ọ̀kan péré, ká ní a rí ọ̀kan péré gbá wọlé nílé!" Ìyá a sì máa fi ìyókù ìṣáná dáná.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà já kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ ńlá, tí gbogbo wa ń sáré lọ wo Arsenal àti Chelsea nínú tẹlifíṣọ̀n, bàbá kò yà. Wọ́n á fi fèrè kọ́ ọrùn, wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí pápá, ìbáà jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́pà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí a bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Amokachi ńkọ́?" Ẹnu wa á sì pa dé. Kàdúná ni a bí i sí, Ranchers Bees ni ó ti lọ sí Club Brugge, kí ó tó bá Everton gba ife FA ní 1995, tí ó sì bá Nàìjíríà gba wúrà ní Atlanta ní 1996.

Ohun tí ó ń dùn wá nìyí. Ojú bàbá ti ń ṣú lọ́dún yìí. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé kí a bá àwọn lọ sí pápá, kí a máa ròyìn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ fún àwọn. A ní iṣẹ́ rélùwéè kò gbà wá láyè. Irọ́ ni, ẹ̀yin ará. Ilé tẹlifíṣọ̀n ni a wà. Nígbà tí a yà kí wọn lálẹ́, wọn kò bá wa wí. Wọ́n ní, "Ta ló borí nínú ti òyìnbó yẹn?" A sọ ọ́ fún wọn títí dé òpin, wọ́n sì gbọ́ ọ tinútinú.

Àwọn ẹbí ní Ọ̀fà fẹ́ kí a gbé wọn wálé, ṣùgbọ́n bàbá ti sọ pé Kàdúná ni àwọn ó sùn sí. Fèrè náà wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún 9, ó sì ti fi í dí ìyá rẹ̀ létí.

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ jẹ́ ọ̀la, ní agogo mẹ́wàá. Owó ìdáwó kò tíì pé, ẹ jọ̀wọ́. Bí ẹgbẹ́ ìlú yìí bá tún gbá bọ́ọ̀lù nílé, àwa àti ọmọ náà yóò lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó pàdé wa níwájú ilé ìpàdé.