Ẹni Tó Ní Ká Padà Kì í Ṣe Ojo

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí fídíò wa ti ń káàkiri orí WhatsApp. Ọkọ̀ rì sínú yìnyín lórí òkè, àwa ń fọwọ́ gbẹ́ ẹ, orin ń dún, a ń pariwo. Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọkùnrin ogun!" Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: àbúrò wa obìnrin tí ohùn rẹ̀ dún nínú fídíò náà pé, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà." Wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ-jẹ́-ká-padà. Àwa náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn la fẹ́ bá jà lónìí, torí òun ló máa pa ẹnì kan lọ́jọ́ kan.

Oṣù Karùn-ún ni. Ní Denver tí a ń gbé, ní Colorado, oòrùn ti ń ràn, àwọn èèyàn ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Àwa mẹ́jọ, tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ kóòdù jẹun, gbé jíìpù mẹ́ta, fọ́ọ̀-wíìlì ni gbogbo wọn, a gun òkè kọjá 10,000 ẹsẹ̀ bàtà. Lókè bẹ́ẹ̀, òtútù kì í tètè lọ. Ibi tí òjìji igi bò lè ní yìnyín títí wọ oṣù Kẹfà. Láàárọ̀, yìnyín náà le bíi sìmẹ́ńtì torí ó ti dì lóru. A gùn ún kọjá, a ń fọ́nnu. A ò rò ó pé oòrùn máa rọ̀ ọ́, pé ohun tó gbé wa láàárọ̀ lè má gbé wa lọ́sàn-án.

Aago mọ́kànlá ni àbúrò wa rí i pé táyà iwájú ti ń rì díẹ̀díẹ̀. Ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní, "Ìwọ náà bẹ̀rù jù!" A rẹ́rìn-ín, a tẹ̀ síwájú. Kò pé wákàtí kan, ọkọ̀ àkọ́kọ́ rì dé ikùn. Ìkejì fẹ́ fà á, òun náà yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tó kan ìkẹta, a so okùn mọ́ irin rogodo ẹ̀yìn ọkọ̀ tó rì, èyí tí wọ́n fi ń fa tírélà. Irin náà já, ó fò bí ọta ìbọn, ó sì fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń fà á. Kò sẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn lásìkò yẹn. Àbúrò wa ló jókòó síbẹ̀ láàárọ̀.

Ibẹ̀ ò sí nínú fídíò. A gé e kúrò.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá méjì tí wọ́n pàgọ́ sísàlẹ̀ gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì wa, wọ́n wá. Wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà wa láti nǹkan bíi 35 sí 15, kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yìnyín. Wọ́n fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ, wọ́n ki pákó sábẹ́ táyà, wọ́n sì so okùn tó ń nà mọ́ òrùka tí wọ́n ṣe mọ́ ara ọkọ̀ fún fífà. Wọ́n ní irin rogodo yẹn ti pa èèyàn rí.

Ní 2006, James Kim, tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀rọ ìgbàlódé fún CNET, há sínú yìnyín lójú ọ̀nà igbó kan ní Oregon, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó fẹsẹ̀ rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́. Òtútù pa á. Ìyàwó àti àwọn ọmọ tó dúró sídìí ọkọ̀ ni wọ́n rí láàyè. Òun ò lọ ṣeré o, wọ́n ṣìnà ni. Àwa tí a mọ̀ọ́mọ̀ lọ ńkọ́?

A mọ ohun tí ẹ máa sọ: tí a bá ń padà ní gbogbo ìgbà, ìgbà wo la máa débì kankan? Òkè náà ò ní ṣí lọ. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, bí kóòdù tuntun bá ń ba nǹkan jẹ́, a máa ń ṣe rollback, a dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹni tó ṣe é ní ojo. A tún máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé tí a bá ti wà nídìí ọkọ̀, ọgbọ́n yẹn á di ẹ̀rù?

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ náà, àgbà pọ̀ lọ́jà, ọmọ ló ń bá wa ṣọ́ orí. A ò gbọ́ ọ torí ó kéré, torí ó jẹ́ obìnrin, torí kò ní jíìpù. Ká má parọ́.

Láti ìsinsìnyí lọ, tí ẹnì kan ṣoṣo bá ní ká padà, a máa padà. A ò ní dìbò, a ò ní béèrè ọjọ́ orí. Ẹni tí ìyẹn ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó dá lọ.

Àbúrò wa, má bínú. A ti dá apá tí a gé yẹn padà sínú fídíò.