Ẹ Má Fi Owó Sogúndogójì Wá Fìsà fún Ọmọ

Owó kan wà tí wọ́n ń yá nílẹ̀ yìí tí ẹni tó yá a kò ní fọwọ́ kàn. Kò ní fi ra ilẹ̀, kò ní fi san owó ilé ìwé. Inú àkáǹtì ni yóò wà, olówó ni yóò sì mú káàdì ATM dání títí ọjọ́ 28 yóò fi pé. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò kó owó rẹ̀, yóò tún gba èlé lórí ohun tí kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rí. POF (proof of funds), ìyẹn ẹ̀rí owó tí wọ́n fi ń gba fìsà UK, ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Lójú tèmi, olè tó wọ kóòtù ni.

Mo ń tẹ̀wé nítòsí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ní Jóbẹ̀lẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó wá gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti Fìdítì, Awẹ́ tàbí Ìlọrà, ó ṣeé ṣe kó ya ọ̀dọ̀ mi ṣe fọ́tòkọ́pì, àwọn tó ń lọ kàwé ní UK sì pọ̀ nínú wọn. Mo máa ń ka ohun tí mo bá ń tẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó lọ ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Ohun tí òfin fìsà UK wí nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé rẹ̀ kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní £1,171 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, títí dé oṣù mẹ́sàn-án. £10,539 nìyẹn. Ká ní ₦2,000 ni pọ́ùn kan, ó lé ní mílíọ̀nù 21 náírà, láìka owó ilé ìwé ọdún àkọ́kọ́ tó bá ṣẹ́ kù. Owó ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko. Tó bá fi ọjọ́ kan péré dín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àkáǹtì ta ni kó wà? Ibí yìí ni wọ́n ti ń mú àwọn ènìyàn wa. Bàbá kan wá láti Akínmọ̀ọ́rìn, ó tú sítéètimẹ́ǹtì báńkì rẹ̀ jáde nínú ọ̀rá. Ó ti ta ilẹ̀, owó náà sì pé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dolóògbé ló fẹ́ rán lọ. Mo ní, “Bàbá, wọn ò ní gbà á. Àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, tàbí ti bàbá tàbí ìyá tó bí i, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀.” Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. “Ṣé ìwọ lo sanwó WAEC rẹ̀ ni?” Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó fi owó náà sínú àkáǹtì ọmọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wá máa ka ọjọ́ 28. Ó kùn títí, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ẹlòmíràn ò ní rí ẹni sọ fún un. Ajẹ́ǹtì á ní àkókò ti lọ, òun mọ ẹni tó ń yáni lówó. Bí owó sogúndogójì ṣe ń wọlé nìyẹn.

Tí wọ́n bá sì rí i pé irọ́ wà nínú ìwé tí ọmọ fi béèrè fìsà ńkọ́? Wọ́n lè má fún ọmọ ọ̀hún ní fìsà fún ọdún 10. Tí wọn kò bá sì rí i, ọmọ á dé ọ̀hún lọ́wọ́ òfo, wákàtí 20 péré ni òfin sì gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Láàárín June 2023 sí February 2024, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí ₦470, ó kọjá ₦1,500. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tó wà ní Yunifásítì Teesside ní UK kò rí owó ilé ìwé san tán mọ́. Nígbà tó di 2024, wọ́n yọ àwọn kan lára wọn kúrò nílé ìwé, wọ́n sì ní kí wọ́n fi UK sílẹ̀. Owó tiwọn tiẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn gbọ́kàn lé. Ẹni tó gbọ́kàn lé owó olówó wá ńkọ́?

Òfin náà le, n kò ní purọ́. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní fìsà. Ìjọba Thatcher ní UK ló sọ ọ́ di dandan fún wa ní àwọn ọdún 1980. Láti January 2024, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ ṣe máásítà kò tún lè mú ìyàwó tàbí ọkọ dání mọ́. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ àti owó ilé ni wọ́n ń béèrè, ọmọ wa ló sì máa ná an.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àbúrò bàbá àti ẹ̀gbọ́n ìyá, tí owó ẹbí bá pé, ẹ tètè kó o sínú àkáǹtì ọmọ, kó sì bá a lọ. Tí kò bá pé, ẹ jẹ́ kó ṣe máásítà rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ná. Ẹni tó bá ní òun á yá yín ní mílíọ̀nù 21 fún oṣù kan, ẹ má dá a lóhùn.