Kí Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Rí Kọ́ Nídìí Ìgbálẹ̀? Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Tó Ń To Ètò Ẹ̀kọ́

Ìsìnlú tó jẹ́ ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Inú kíláàsì ni ìbéèrè rẹ̀ ti ń jáde lọ sí àárín ìlú, kíláàsì náà ló sì ń padà sí pẹ̀lú ohun tí ojú rí. Èyí tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ètò àgùnbánirọ̀, NYSC, tí ìjọba Gowon dá sílẹ̀ ní 1973, ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n ń pè ní CDS. Àwọn agbẹjọ́rò inú àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń bá aláìní dá sí ẹjọ́ ń ṣe bẹbẹ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tó kù, wọ́n á tò láti buwọ́ lu káàdì, wọ́n á gbá ọjà, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ẹni tó kọ́ kẹ́mísírì àti ẹni tó kọ́ ìṣirò owó, ìgbálẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ mú dání. Òjò alẹ́ á sì gbá pàǹtírí tí wọ́n kó sétí gọ́tà padà sínú rẹ̀. Ìwé ti tán kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì wo ni wọ́n fẹ́ mú ìbéèrè padà sí?

Àpẹẹrẹ ìsìnlú tó jẹ́ ẹ̀kọ́ kò jìnnà: láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ sí Ìgbò-Ọrà, nílẹ̀ Ìbàràpá. Sòbìà ń bá àwọn ará ibẹ̀ fínra nígbà náà, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìwé lè sọ pé inú omi ni àrùn náà ti ń wá, ṣùgbọ́n etí adágún ni bó ṣe ń rìn ti ń hàn: ẹlẹ́gbò á ki ẹsẹ̀ bọ omi kó lè pọn ún, aràn á tú ọmọ sínú omi, kòkòrò wínníwínní á gbé e mì, ẹlòmíì á mu ún. Ó di bí ọdún kan kí ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó wú, bóyá lásìkò iṣẹ́ oko gan-an. Dókítà tó ti mọ ìyẹn kò ní wo ojú egbò nìkan; á béèrè aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi nílé.

Kí ìsìnlú bẹ̀rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gboyè, kí ó ní máàkì, kí olùkọ́ sì bá wọn lọ. Kò dìgbà tó bá di yunifásítì. Àwọn tó ń kọ́ jọ́gíráfì ní girama lè fi okùn wọn àlàfo tó wà láàárín ṣáláńgá àti kànga ládùúgbò kan, kí wọ́n yà á sórí máàpù, kí àwọn onílé sì wà níjokòó ní kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ka èsì.