Ẹ Má Wó Ilé Tí A Ń Gbé: Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn,
Àti sí ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ àti Ọbáfẹ́mi-Owódé,

Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí ni àmì kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára òpó iwájú ilé bàbá bàbá mi ní Ìfọ̀, ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Àwọn tó kọ ọ́ kò kanlẹ̀kùn. Ìyá àgbà ìdílé wa tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà ní òun rò pé àwọn oníná mànàmáná ni. Nígbà tí mo tọpa wọn dé ọ́fíìsì kan, wọ́n ní ilé náà kò ní pùláànù tí ìjọba fọwọ́ sí, àti pé ó ti gbó.

Òótọ́ ni, ó ti gbó. Ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ilé yìí sì ti wà lórí ìdúró tipẹ́ kí ó tó di ìgbà náà. Ta ni ì bá bá bàbá bàbá mi fọwọ́ sí pùláànù?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tó jẹ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, irú èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì bọ̀ kọ́kọ́ fi han àwọn ará Èkó. Àwọn bírikilà àti káfíńtà Àgùdà yìí ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó tí wọ́n ṣí ní 1894. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, tí ọkọ̀ sì ń gba Agége àti Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, obì àgbègbè wa ń bá ọkọ̀ ojú irin gòkè lọ sí òkè Ọya, owó ń wọlé, ẹni tí owó bá sì dé sí lọ́wọ́ a fẹ́ kọ́lé bíi ti ará Èkó. Bí ilé wa ṣe délẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á já láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá kọjú sí yàrá. Òdòdó wà lórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan tí bírikilà fi ọwọ́ mọ, kò sì sí méjì tó jọra. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ pákó ìrókò, èyí tó ṣìkẹta láti ìsàlẹ̀ sì ti jẹ wọnú láàárín, níbi tí ẹsẹ̀ gbogbo wa ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ayé bàbá mi. Ẹni tí wọ́n bí sílé náà kò nílò iná láti mọ ibi tó dé lórí àtẹ̀gùn yẹn lóru.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìdílé wa fi dáwó jọ láti tún un ṣe. Ibẹ̀ la ti kọ́ ohun tí a kò mọ̀ rí. Ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ewékorò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, kò jìnnà sí wa, nítorí náà gbogbo ibi tí ògiri bá ti là, símẹ́ǹtì la fi ń dí i. A rò pé a ń tọ́jú rẹ̀ ni. Bírikilà àgbà tí a gbà síṣẹ́ ló sọ fún wa pé ògiri amọ̀ ń mí: omi ilẹ̀ a máa fà gòkè sínú rẹ̀, atẹ́gùn àti oòrùn a sì fà á jáde. Bí èèyàn bá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, omi á há sínú, amọ̀ á rọ̀, ohun tí a fi rẹ́ ẹ á sì máa já lulẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Nígbà tí ó ha símẹ́ǹtì náà kúrò lára ògiri ìsàlẹ̀, àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, síbẹ̀ mo fi ìka tẹ amọ̀ náà, ìka mi sì wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀kọ. A ha gbogbo rẹ̀ kúrò. A jẹ́ kí ògiri gbẹ fún oṣù bíi mélòó kan kí a tó fi amọ̀ tí a pò mọ́ ẹfun rẹ́ ẹ padà.

Nínú ilé, a kò díbọ́n pé ayé kò tí ì yí padà. A so yàrá ẹ̀yìn méjì pọ̀, a sọ wọ́n di kíṣíìnì tó ní gáàsì àti omi ẹ̀rọ. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ ń bẹ nílé báyìí, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù tuntun lẹ́yìn ilé la kọ́ wọn sí, kí omi má baà kan ògiri amọ̀. A kò gbẹ́ ògiri nítorí wáyà. A jẹ́ kí ó gba ojú ògiri kọjá, ẹni tó bá fẹ́ kó rí i. Àbúrò mi kan fẹ́ kí a tẹ́ táìsì dídán jákèjádò, kí a sì fi P.O.P. bo òkè. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé táìsì dúró sí kíṣíìnì àti ilé ìwẹ̀, igi àjà pálọ̀ sì wà ní gbangba, fáànù ń yí lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ àdìrẹ láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta la ta sójú fèrèsé. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wà lórí páànù ẹ̀yìn, níbi tí ẹni tó ń kọjá lójú títì kò ti lè rí i. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kí wa kú iṣẹ́.

Ọlọ́lá jùlọ, ibi tí ó ti dùn mí nìyí. Ó jọ pé ọ̀nà méjì péré ni àwọn aláṣẹ wa mọ̀ fún ilé àtijọ́: kí ó di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, tàbí kí katapílà gbé e. Mo yin bí wọ́n ṣe sọ ilé àwọn Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, inú mi a máa dùn tí mo bá rí àwọn ọmọ iléèwé tó ń wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba wo ló lè ra gbogbo ilé kó sì gba amọ̀nà sí i? Ohun tó ń dá ilé sí ni èèyàn tó ń sùn síbẹ̀, tó ń gbálẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, tó máa gbọ́ nígbà tí páànù bá kọ́kọ́ jò.

Àpẹẹrẹ kò wọ́n wa. Ní Òṣogbo, oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì irú ti àwọn Àgùdà yìí títí ó fi papòdà ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2009. Ó fi àga onígi gbígbẹ́ àti ère àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú kún inú rẹ̀, ohun tuntun nígbà ayé rẹ̀, ilé náà sì gbà á. Ní Ẹ́bútẹ́-Mẹ́tta, wọ́n kọ́ Jaekel House fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní 1898. Ó ti fẹ́ẹ̀ di àlàpà kí Legacy, ẹgbẹ́ tó ń dá ilé àtijọ́ sí, àti ayàwòrán ilé John Godwin tó tún un ṣe ní 2010. Ojú irin kan náà tó gba Ìfọ̀ kọjá ló bí ilé yẹn.

Mo sì mọ̀ pé orúkọ nínú ìwé nìkan kò tó. Wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar ní Tinúbú Square l'Ékòó ní nǹkan bí 1855. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin tó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ láti 1979 ṣì wà nínú ìwé lọ́jọ́ náà. Bí èyí tí òfin dárúkọ bá lè lọ bẹ́ẹ̀, tiwa tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan ńkọ́?

Ní Mowé àti Ìbàfò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, wíwó ilé àtijọ́ tún yá ju ti Ìfọ̀ lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni èrò ti ń ya wọ ibẹ̀. Ẹ yà kúrò lójú títì, ẹ gba ẹ̀yìn ilé epo àti ṣọ́ọ̀bù wọ inú abúlé tó ni ilẹ̀ gan-an, ẹ ó rí ilé alágbàlá tó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín búlọ́ọ̀kù. N kò sọ pé kí ẹ dá gbogbo wọn sí. Òmíràn ti yẹ̀ débi pé ó lè pa ẹni tó bá kọjá lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ wó. Ohun tí mo ń takò ni kí á máa kọ àmì sára ilé láìwo inú rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì ka ilé àtijọ́ tó ṣì dúró, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ìdílé tó ni wọ́n sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà kan ilé tí èèyàn ń gbé láìjẹ́ pé ẹnìkan tó mọ̀ nípa ilé amọ̀ ti wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá sì ń tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe, ẹ dín owó ìwé àṣẹ kù fún un, kí ó má baà rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti wó o ju láti tún un ṣe lọ.

Títí di òní tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, àmì pupa náà ṣì wà lára òpó. A kò pa á rẹ́, nítorí a kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé a tàpá sí òfin. Ẹ rán ẹni tó mọ ilé wá kí katapílà tó dé. Ilẹ̀kùn wa á wà ní ṣíṣí, ìyá àgbà á sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Ọmọ bíbí Ìfọ̀ kan