Òkè Pátì Kò Nílò Lugard àti Flora Láti Gba Tọkọtaya Lálejò

Ẹni tó bá gun Òkè Pátì ní Lọ́kọ́ja, kó tó mí délẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ ìtàn ìfẹ́ kan fún un. Wọ́n á ní ibí yìí ni Flora Shaw dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, Lugard, tó ń wo Odò Ọya nísàlẹ̀, tó sì tibẹ̀ sọ ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Tọkọtaya tó wá ṣe fàájì á gbọ́, inú wọn á dùn. Wọ́n á ya fọ́tò níwájú ilé ìsinmi Lugard àti nídìí igi oṣè ńlá tó wà lókè níbẹ̀, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì tún gba ọ̀nà Àbújá tàbí Okene lọ. Ohun tó ń bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú nínú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Ìtàn tí wọ́n fi pè wọ́n kì í ṣe òótọ́, wọn ò sì jẹun nílùú kí wọ́n tó lọ. Àléébù méjèèjì ló ní àtúnṣe, ẹsẹ̀ òkè náà sì ni àtúnṣe ọ̀hún wà.

Ọjọ́ inú ìtàn náà kò bára mu. Akọ̀ròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù ni Flora Shaw. Inú ìwé ìròyìn yẹn, ní ọjọ́ 8 oṣù Kínní ọdún 1897, ló ti dábàá orúkọ tí a ń jẹ́ títí dòní. Ọdún 1902 ló tó fẹ́ Lugard, ọdún yẹn kan náà sì ni Zungeru di olú-ìlú ilẹ̀ Àríwá, tó fi jẹ́ pé Lọ́kọ́ja kọ́ ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja gan-an yàtọ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 1900, wọ́n sọ àsíá ilé-iṣẹ́ òwò Royal Niger Company kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ta ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, Lugard sì gba àkóso ilẹ̀ Àríwá. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi wọ Kano àti Ṣókótó. Aliyu, ọba Kano tí wọ́n rọ̀ lóyè ní 1903, ìgbèkùn ló parí ayé rẹ̀ sí, Lọ́kọ́ja ló sì kú sí ní 1926. Irú nǹkan wọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n fi máa rántí Lugard. Kí wọ́n wá sọ ọ́ di ọkọ onífẹ̀ẹ́ tí ọ̀dọ́ tọkọtaya ń ya fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ó ń bí ẹni tó mọ ìtàn nínú, ìbínú náà sì tọ́.

Bó bá jẹ́ pé ìtàn tọkọtaya ni àlejò ń fẹ́, òótọ́ kan wà nísàlẹ̀ tó ju ti òkè lọ. Ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity, òpó irin méjì dúró, tí wọ́n ń pè ní Irin Òmìnira. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé wọ́n ti máa ń tú ẹrú sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Àríwá, ọdún 1865 ni wọ́n ní Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá a sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí. Ọmọdékùnrin ni nígbà tí wọ́n kó o ní Òṣoògùn ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 tó sì gbé e lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Asano, tí wọ́n sọ ní Susan lẹ́yìn tó ṣe ìrìbọmi, òun náà wà lára àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ní Sàró ni wọ́n ti mọ ara wọn, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní 1829. Olùkọ́ ni Asano. Ó tó àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, títí Asano fi kú ní 1880.

Kò sí ẹni tó ń ní kí wọ́n parọ́ pé Asano gun Òkè Pátì. Ohun tó wà ní Lọ́kọ́ja ni iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, òótọ́ sì ni. Crowther wà nínú ìrìn àjò odò ti 1841, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ra ilẹ̀ síbi tí omi méjì ti pàdé, tí wọ́n fẹ́ fi dá oko. Ibà pa àwọn òyìnbó lọ rẹpẹtẹ, oko náà sì tú ká. Ó tún bá dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Baikie wá ní 1854 nínú ọkọ̀ Pleiad. Lọ́tẹ̀ yẹn, Baikie ní kí wọ́n máa lo egbòogi kuníìnì kí ibà tó mú wọn, ibà kò sì pa òyìnbó kankan nínú wọn. Baikie yìí náà ló padà wá tẹ Lọ́kọ́ja dó ní etí odò ní nǹkan bí ọdún 1860. Ọkùnrin tí wọ́n tà lẹ́rú, tó fẹ́ obìnrin tí wọ́n tà lẹ́rú, tó wá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ síbi tí wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀: kí tọkọtaya dúró síwájú òpó irin méjì yẹn kí wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò ní gbàgbé rẹ̀ dé ilé.

Níbẹ̀ ló yẹ kí ọjọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó kọjá sí itẹ́ òkú àwọn òyìnbó, ọwọ̀n ìrántí àwọn jagunjagun, àti mùsíọ́mù ìtàn ìjọba amúnisìn. Òkè ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Apá ìwọ̀-oòrùn odò ni Òkè Pátì wà, ìyẹn ni pé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ẹni tó ń wo odò ni oòrùn máa ń wà, gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì dà sórí omi. Láti ibi tó ga tó nǹkan bí mítà 458 ju òkun lọ yẹn, èèyàn á rí Ọya tó ń ti àríwá bọ̀ àti Bẹ́núé tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀. Àwọ̀ wọn kò jọra, wọ́n sì máa ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó pò pọ̀.

Ọ̀sán jẹ́ ti ẹnu. Ibí yìí gan-an ni Lọ́kọ́ja ti ń sọ ọrọ̀ nù. Ní Cape Town, Table Mountain ní ọkọ̀ orí wáyà tó ti ń gbé èèyàn gun òkè láti 1929, àmọ́ òkè nìkan kọ́ ló ń dá àlejò dúró. Bí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á kọjá sí ọgbà àjàrà Constantia, tó ti wà láti 1685, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa tọ́ wáìnì wò díẹ̀díẹ̀. Àgbẹ̀ rí tiẹ̀, alásè rí tiẹ̀, onílé ìtura náà sì rí tiẹ̀. Lọ́kọ́ja kò ní àjàrà, kò sì nílò rẹ̀. Ó ní ẹja.

Àlejò tó bá fẹ́ mọ Lọ́kọ́ja, kó lọ sí etí odò kó lọ wo bí wọ́n ṣe ń se àrọ̀. Obìnrin tó ń tà á á ki ọwọ́ bọ báàfù, á di ẹja mú ní ẹ̀yìn orí níbi tí ẹ̀gún rẹ̀ kò ti ní gún un, á fi igi kàn án lórí lẹ́ẹ̀kan. Á da omi gbígbóná sí i kí ikun ara rẹ̀ bọ́, á fi iyọ̀ ra á, á fọ̀ ọ́, á gé e lóbu lóbu. Ata rodo, àlùbọ́sà, ariwo tó ti yan tó sì lọ̀ kúnná, wọ́n á ti máa hó nínú ìkòkò kí ẹja tó wọlé. Ìgbẹ̀yìn ni efinrin ń wọ ọbẹ̀. Orí ẹja ni wọ́n máa ń gbé fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yẹ́ sí, ẹ̀kọ tútù tàbí iṣu sísè sì ni wọ́n fi ń tì í. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja tó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣe rí lẹ́nu, kò sí ẹja inú yìnyín tó lè ṣe é.

Ẹja náà sì kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìlú tí Òwórò, Núpé, Ebira, Ígálà, Òkun àti Háúsá ti jọ ń gbé kò lè jẹ́ olóúnjẹ kan. Àpàpà àwọn Ebira wà, tí wọ́n pọ́n séwé. Iyán àwọn Òkun wà, fúrà pẹ̀lú wàrà náà wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń pè ní bùrùkùtù. Kájú ńkọ́? Kogi, ìpínlẹ̀ tí Lọ́kọ́ja jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń kó kájú jáde jù lọ ní Nàìjíríà, àmọ́ hóró rẹ̀ nìkan ni oníṣòwò ń wá. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, èso olómi rẹ̀ á máa rà nílẹ̀ oko. Omi èso yẹn, tí wọ́n bá fún un tí wọ́n sì mú un tutù, ló yẹ kó máa wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Pátì nínú ooru Lọ́kọ́ja.

Àwọn kan á ní ta ló ń ro fàájì lójú ọ̀nà tí ajínigbé ń da èèyàn láàmú. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọ̀nà Àbújá àti ti Okene ti gbọ́ ẹkún púpọ̀, iṣẹ́ ìjọba sì ni kí ó dáàbò bò wọ́n. Ẹni tó máa lọ, kó rìn lójúmọmọ, kó sùn sí Lọ́kọ́ja, kó má fi òru padà. Àkókò náà ṣe pàtàkì: omíyalé 2012 àti ti 2022 bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, ó sì lé àwọn ará àdúgbò Ganaja kúrò nílé, torí náà oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá kì í ṣe ìgbà tó dára láti wá. Síbẹ̀, ọkọ̀ èrò tó ń gba Lọ́kọ́ja kọjá lójoojúmọ́ kò níye, àwọn tó wà nínú wọn sì ti gbé ewu ọ̀nà yẹn lórí tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n kò tíì rí ni ìdí tí wọ́n fi máa sọ̀kalẹ̀.

Owó tó máa ná ìjọba ìpínlẹ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja, alápàpà àti oníkájú ní ibi tí òrùlé bò ní ẹsẹ̀ òkè, láìgba owó ìsọ̀ tó máa lé wọn lọ. Kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ Òwórò, tí ilẹ̀ àwọn baba wọn ni òkè yẹn, síṣẹ́ afinimọ̀nà, kí wọ́n sì fún wọn ní ìwé tí ọjọ́ inú rẹ̀ pé: 1822, 1829, 1865, 1897, 1900. Kí omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ sì wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá a lábàá pé kí wọ́n gbẹ́ ère.