Ọpọlọ Ọmọ Ju Ẹ̀rọ Mọ́tò Lọ

Ẹni tí ó bá ní mọ́tò àtijọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré, tí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ ń dínkù, lè máa dárò epo ìgbà kan. Àwa kò ní bá a dárò.

Òótọ́ ni pé òjé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pò mọ́ epo pẹtiróò ní ọdún 1923 a máa dáàbò bo ojú irin tí fáàfù ń jókòó lé. Láti ìgbà tí òjé ti kúrò, irin tí kò bá le a máa jẹ, pàápàá bí mọ́tò bá ń ru ẹrù wúwo gun òkè. Ṣùgbọ́n òjé yìí kan náà ni àwọn ọmọdé ń fà símú nínú èéfín, tí ó sì ń ba ọpọlọ wọn jẹ́. Nítorí náà ni àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà fi pinnu ní Dakar ní oṣù kẹfà ọdún 2001 láti kọ̀ ọ́. Kí ọdún 2006 tó bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà ti kọ̀ ọ́. Àlgéríà ni ó kẹ́yìn gbogbo ayé, ní ọdún 2021.

Kí mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ máa wọn àlàfo fáàfù. Bí ó bá ń dínkù léraléra, kí ó fi òrùka irin líle sí ibi tí fáàfù ń jókòó. Yóò ná onímọ́tò lówó, a kò sẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ fún àwọn òbí: ẹ̀rọ tí ó jẹ ṣe é tún ṣe, ọpọlọ ọmọ kò ní àrọ́pò.