Bátìrì Abẹ́ Awọ Àyà

Ní 1987, ní Grenoble nílẹ̀ Faransé, dókítà Alim-Louis Benabid kíyè sí i pé bí iná mànàmáná bá ń ta léraléra sí ibì kan nínú ọpọlọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní DBS ti ṣẹ̀: wáyà tín-ín-rín nínú ọpọlọ, bátìrì lábẹ́ awọ àyà. FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn wò l'Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún ọwọ́ gbígbọ̀n ní 1997, ó sì fọwọ́ sí i fún àrùn Parkinson ní 2002. Inú mi dùn sí i gan-an. Ẹni tí wọ́n ti ń fi ṣíbí bọ́ bí ọmọdé, tó tún wá ń dá oúnjẹ jẹ, ayé rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò.

Ìdùnnú yìí gan-an ló ń mú wa kánjú gba gbogbo ẹ̀rọ tó bá tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ìrètí nìkan lè mú kí ara tuni. Nígbà tí ọ̀pá irin kéékèèké tí Elisha Perkins ará Amẹ́ríkà ṣe gbòde, tí wọ́n ní bí a bá fi ń ra ara, ìrora á lọ, John Haygarth, dókítà kan ní ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi igi gbẹ́ tirẹ̀, ó kùn ún kó lè jọ irin. Ní 1799 ó fi tọ́jú aláìsàn márùn-ún láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mẹ́rin nínú wọn ní ara tu àwọn.

Irú àyẹ̀wò yẹn náà ni wọ́n ṣe l'Amẹ́ríkà láti mọ̀ bóyá wáyà inú ọpọlọ lè wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí oògùn kò ràn. Ẹni 90 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n tan iná fún 60, wọ́n pa á fún 30, aláìsàn kò sì mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí iná wọn ń ṣiṣẹ́ ni ara wọn yá dé ìwọ̀n tí wọ́n ń wá. Láàárín àwọn tí wọ́n pa iná wọn, ìdá 17 ni. Èsì náà jáde ní 2017. Àwọn kan tó tẹ̀ síwájú fún ọdún mélòó kan gbádùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí oṣù mẹ́fà kéré jù. Ó nira láti lu ihò sí agbárí ẹni tí a kò ní tan iná fún, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀nà mìíràn tí a ó fi mọ òótọ́.

Ohun tí wọn kì í sábà yẹ̀ wò ni ìgbésí ayé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Second Sight ní California ṣe Argus II, tó ń ta iná sí ẹ̀yìn ẹyinjú afọ́jú kí iṣan lè gbé e lọ sí ọpọlọ. Àwọn tó gbà á ju 350 lọ. Ní 2020, owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ kò rí ẹni bá a tún un ṣe, ẹ̀rọ náà sì ṣì wà lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìdílé tó fẹ́ ta ilẹ̀ kí bàbá lè lọ ṣe DBS ní Íńdíà ro èyí dáadáa. Bátìrì tí kì í gba ṣáàjì sábà máa ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, lẹ́yìn náà wọ́n á tún la awọ àyà láti pààrọ̀ rẹ̀. Dókítà sì lè fi ọ̀pọ̀ oṣù yí iná náà sókè sódò kó tó bá ara mu. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ Nàìjíríà, kí NAFDAC bi í léèrè ẹni tí yóò máa pààrọ̀ bátìrì àti ẹni tí yóò yọ wáyà bí ilé iṣẹ́ náà bá kógbá sílé, kí owó iṣẹ́ méjèèjì sì wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan agbárí ẹni àkọ́kọ́.